Ìpè Mẹ́ta Tí N Kò Jẹ́

Èmi, Ògúnṣẹ̀san Àkànbí, ọmọ Málọmọ́, káfíńtà ní Àpómù, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin ọmọ mi, àti fún Gàrúbà ọ̀rẹ́ mi ní Ìkirè, ẹni tí mo yàn láti pín ogún mi. Orí mi pé, ara mi nìkan ni kò yá. Ẹni tó bá rò pé àìsàn ti dà mí lórí rú, kó gbé pákó wá, kó wò ó bóyá n kò ní rí ibi tó ti wọ́.

1. Ilé mi oníyàrá mẹ́rin lójú ọ̀nà Ìkòyí di ti Tìmí, ọmọkùnrin mi. Yàrá tó kọjú sí ọgbà kò sí nínú rẹ̀. Ti Títílọlá, ọmọbìnrin mi, ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó iṣu sí i. Tìmí, mo mọ̀ ọ́.

2. Ewúrẹ́ mi mẹ́ta di ti Sìlífátù àbúrò mi, ẹni tó ń se oúnjẹ fún mi láti ìgbà tí Òrìṣàbùnmí ìyàwó mi ti padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìkirè. Àwọn ewúrẹ́ náà kì í gbọ́ràn. Sìlífátù pàápàá kì í gbọ́ràn, wọn yóò mọwọ́ ara wọn.

Nítorí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí, mo gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí Òrìṣàbùnmí fi lọ. Ní ọdún 1953 ni àwọn àlejò òfuurufú kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí pápá ẹ̀yìn ìlú wa. Ẹ̀yà mẹ́rin ni wọ́n. Ìrísí wọn kò jọra, èdè wọn kò jọra, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló lè fi ọkàn pe ara wọn láti ìràwọ̀ kan dé òmíràn. Wọ́n dán wa wò, wọ́n ní àwa náà ní agbára yìí. Ti Títílọlá pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Ní 1958, ó bá wọn wọ ọkọ̀.

Òfin wọn ni pé kí ẹni tó ń lọ yan ẹnì kan sílé. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ padà, wọn yóò pe onítọ̀hún, ìdáhùn rẹ̀ ni wọn yóò sì fi mọ ọ̀nà ilé. Ìyá rẹ̀ ní òun ni kó yàn. Èmi ló yàn. Inú mi dùn débi pé mo pa àgbò.

3. Òòlù àti gbogbo irinṣẹ́ mi di ti Tìmí, àfi ayùn ńlá. Kí ẹ sin ín mọ́ mi. Òun ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ọ̀ràn kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la ó fi sọ ọ́. Ọ̀sán gangan ni, ní 1961. Èmi nìkan ló wà nínú igbó, mo ń gé ìrókò. Mo gbọ́ "Ògúnṣẹ̀san!" Mo wẹ̀yìn, n kò rí ẹnikẹ́ni. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ta ni ọmọ tí í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ? "Bàbá mi" ni mo ti ń retí láti ọdún mẹ́ta. Ìyá mi sì ti kọ́ mi láti kékeré pé ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, tí kò rí ẹni tó pè é, kó má jẹ́, kó má baà jẹ́ ìpè ikú. Mo pa ẹnu mọ́, mo ti ọkàn mi pẹ̀lú. Ìpè náà dákẹ́. Mo tilẹ̀ dúpẹ́, mo sì padà sídìí igi mi.

Ó di ọdún kejì kí ọkọ̀ mìíràn tó sọ̀, kí àlejò kan tó ṣàlàyé fún mi. Àìsàn dá Títílọlá dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò lè pè. Ẹnì kejì rẹ̀ nínú ọkọ̀, tí kì í ṣe ènìyàn bíi tiwa, ló bá a pè mí, orúkọ tó rí nínú ìwé ọkọ̀ wọn ló sì fi pè mí. Nílùú tiwọn, ọmọdé ń pe àgbà lórúkọ. N kò dáhùn, ọkọ̀ wọn ṣìnà.

Òrìṣàbùnmí gbọ́, kò sunkún, ó di ẹrù rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé òun ì bá dáhùn, kódà kó jẹ́ ikú ló ń pe òun.

4. Ibùsùn ìrókò tí mo kàn nígbà ìgbéyàwó wa di ti Òrìṣàbùnmí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. N kò bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí, nítorí èmi náà kò tíì dárí ji ara mi.

5. Àlejò náà ní ọkọ̀ tó ṣìnà a máa tún pè nígbà mìíràn, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí ogún, àmọ́ ọ̀pọ̀ kì í pè mọ́. Ó ní bí n kò bá sí mọ́, ẹ̀jẹ̀ mi lè dáhùn. Nítorí náà, mo mú òfin ìyá mi kúrò nínú agboolé yìí. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá gbọ́ orúkọ mi, lóko, lọ́jà tàbí lórí ìrun, kó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Bí Títílọlá bá béèrè mi, ẹ má sọ fún un pé mo ti kú. Ẹ ní mo wà nílé, kó máa bọ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní Àpómù, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1966.

Ògúnṣẹ̀san Àkànbí Málọmọ́

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Gàrúbà Làtífù, oníṣòwò aṣọ, Ìkirè.
Fúnmilọ́lá Ọ̀ṣúnkọ̀yà, tíṣà, ẹni tó bá a kọ ìwé yìí.
Àlejò òfuurufú kan, tí kò lọ́wọ́ tí í fi kọ̀wé. Ó jẹ́rìí sínú ọkàn àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.