Ẹ̀wà Etí Òkun

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú àárò wa, ẹ kú ọjọ́ tó pẹ́ tí ojú wa ti rí ara wọn. Mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níhìn-ín ní Abẹ́òkúta kí n tó mú gègé ìkọ̀wé, bí ẹ̀yin tó wà ní Sàró kò tilẹ̀ lè rí mi. Mo kí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, ìyá tó kọ́ mi ní àkàrà díndín. Mo kí ìwọ náà, Jóṣúà àbúrò mi, tí o ń ka ìwé yìí sétí Ìyá. Kà á dáadáa, má fo ibì kankan, má sì rẹ ohùn sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá tó wà ládùúgbò yín jókòó gbọ́ ọ. Bí n kò bá sọ ọ́ fúnra mi, ẹlòmíràn yóò bá mi sọ ọ́, yóò sì fi iyọ̀ sí i.

Ara le, àfi ọyẹ́ tó ti fa ètè wa ya. Kò sí òkun níbí, Ìyá. Àpáta ló wà: àpáta lẹ́yìn ilé, àpáta lójú ọ̀nà, àpáta níbi tí ènìyàn fẹ́ da omi ìdọ̀tí sí. Ooru tó bá fà mu lọ́sàn-án, òun náà ló ń mí sí wa títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Sámúẹ́lì ọkọ mi ń bá iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ lọ; ilẹ̀kùn ló ń kàn, àti àga ìjókòó ilé ìjọsìn. Èmi ń ránṣọ. A ń rí jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ẹyọ ibí wúwo débi pé ènìyàn a fẹ́rẹ̀ẹ́ gba alágbàrù kó tó lè ra nǹkan gidi. Àwọn obìnrin àdúgbò ń pè mí ní òyìnbó dúdú. Wọ́n ní mò ń rìn bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá yá bàtà náà wò.

Ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ mí jù ni ọjọ́ Sátidé wa. Ẹ ó se ẹ̀wà, ẹ ó bu epo lé e, ẹ ó wé díẹ̀ sínú ewé, àwa méjèèjì a sì gbé e lọ sí etí òkun. Ẹ ó ní kí n di etí ewé kan mú, ẹ̀yin a di èkejì mú, a ó sì jùmọ̀ jù ú sómi. Mo bi yín nígbà kan pé ta ni a ń fún. Ẹ ní ẹja ni. Ọmọdé wo ni yóò bá ìyá rẹ̀ jiyàn lórí ẹja?

Ẹ ti gbọ́ nínú ìwé mi tó kọjá pé mo bí ìbejì, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ kò fèsì. Jóṣúà nìkan ló kọ̀wé, ó ní bí ẹ ti gbọ́, ẹ dìde, ẹ lọ jókòó sẹ́yìn ilé títí oúnjẹ alẹ́ fi tutù. Mo bínú díẹ̀ nígbà náà. N kò bínú mọ́.

Ìyá mi, ọmọ méjì kì í ṣe eré o! Bí ọ̀kan bá sùn, èkejì a kígbe jí i. Bí mo bá nu ìdí ọ̀kan tán, èkejì a tọ̀ sí mi lára, bí ẹni pé wọ́n ti jọ ṣèpàdé lé mi lórí. Wọ́n pín ọmú láàrin ara wọn. Táyé ló ni ti òsì, Kẹ́hìndé ló ni ti ọ̀tún, bí mo bá sì ṣì wọ́n gbé, ariwo ni. Àmọ́ bí mo bá gbé wọn dé ọjà, ta ni yóò rí mi fín? Gbogbo ènìyàn a máa kí Ìyá Ìbejì, ẹni tó ní iyọ̀ a fún mi níyọ̀, ẹni tó ní ọsàn a fún mi lọ́sàn.

Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló kọ́ mi bí wọ́n ti ń tọ́ wọn. Òun ni Sámúẹ́lì padà wá bá láàyè lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n ti jí ọkọ mi gbé lọ tà lẹ́rú, ẹ mọ ìtàn náà. Obìnrin náà le, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tutù lára ọmọ. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń na apá wọn, ó ń fi osùn pa wọ́n lára títí wọ́n á fi pọ́n dẹ̀dẹ̀. A jà lórí àgbo, nítorí ó fẹ́ fi ọwọ́ rọ wọ́n ní igbá kan, mo sì ní ọmọ mi kì í ṣe àgbá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dé kẹ́yìn, pé ó rán Táyé ṣíwájú láti wá tọ́ ayé wò bóyá ó dùn.

Kò dùn mọ́ Táyé. Láàrin òjò, ibà kọ lù ú, ọ̀sẹ̀ náà kò sì parí tí mo fi di ọlọ́mọ kan. Ìyá Àgbà kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe ọ̀rọ̀ náà bó ti jẹ́. Wọn kì í sọ pé ìbejì kú níbí. Wọ́n ní ó lọ sí Èkó. Inú bí mi. Èkó wo? Ṣé kì í ṣe ìṣojú mi ni wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé èkejì dà, èmi náà ní ó lọ sí Èkó. Òtítọ́ kò gba ẹnu mi jáde.

Láti ìgbà náà ni Kẹ́hìndé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ó ń ti ọmú dànù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ojú rẹ̀ sì tóbi. Ìyá, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló kù láyé mi: kí ó má tẹ̀ lé ìkejì rẹ̀ lọ.

Ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe ojo. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ilé yìí kì í ṣe ọ̀sán rere. Gbogbo ènìyàn a ti lọ sóko tàbí síbi tí wọ́n ti ń fọ epo, agbo ilé a dá wáí, kò ní sí ohun tó ń mira àfi aláǹgbá lórí àpáta. Nígbà náà ni Kẹ́hìndé, tí kì í rẹ́rìn-ín fún ẹnikẹ́ni mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èmi ló ń wò. Ẹ̀gbẹ́ mi òsì ló ń wò. Bí mo bá tẹ́ ẹ sórí ẹní, á fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi àyè sílẹ̀. Mo fún un ní ẹ̀kọ díẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Ó na ọwọ́ náà sí àyè ọ̀hún, ó sì fà á padà ní òfìfo. Mo gbọn ẹní, mo gbé ẹní, mo wo abẹ́ rẹ̀. N kò rí ẹ̀kọ.

Ọmú òsì mi kò sì gbẹ. Ó yẹ kó ti gbẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo tòògbé, mo jí, mo rí àtẹ́lẹwọ́ osùn lórí ọmú náà, ó kéré, ìka márààrún pé. Mo ní Kẹ́hìndé ni, ta ni ìbá tún jẹ́? Mo gbé e, mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná ní àárọ̀ ọjọ́ náà, a kò wẹ̀ ẹ́, a kò pa á lósùn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Ìyá Àgbà pe Kẹ́hìndé láti ẹ̀yìnkùlé, bí a ti ń pe ọmọ jòjòló kí ó lè rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo jẹ́ ìpè náà. Mo ti ní mà, mo sì ti dìde dúró, kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni wọ́n pè. Ìyá Àgbà yọjú, ó wò mí títí. Mo fi rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè ni ọjọ́ tí mo ti odò dé tí mo bá Kẹ́hìndé tó sùn, tó gbé apá lé nǹkan kan. Igi ni, kò gùn ju láti ìgúnpá mi dé ọrùn ọwọ́. Ó ní orí, ó ní ọmú, ó ní ẹsẹ̀. Kò ní ojú. Ibi tí ojú yẹ kó wà tẹ́jú pẹrẹsẹ, osùn sì pa gbogbo ara rẹ̀. Mo figbe ta. Ìyá Àgbà sáré wọlé, mo sì bú u, kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo bú ìyá ọkọ mi. Mo ní òun ló gbé òrìṣà wọ yàrá ọmọ mi. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, àgbàlagbà yẹn! Ó ní òtítọ́ ni pé òun bẹ Sámúẹ́lì kó gbẹ́ ère Táyé, kí a lè máa fún un lóúnjẹ bí a ti ń fún èkejì, kó má baà máa fa èkejì lẹ́wù. Ó ní Sámúẹ́lì kò dá òun lóhùn, òun kò sì rí ère kankan títí di ìṣẹ́jú yẹn.

Mo gbé igi náà, mo gbé ọmọ mi, ó di ọ̀dọ̀ Sámúẹ́lì níbi iṣẹ́. Bó ti rí i, ayùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun ló gbẹ́ ẹ. Ó ní òun kò lè parí rẹ̀, pé nígbà tí ó kan ojú, ọwọ́ òun kọ̀ ọ́, òun sì fi àkísà wé e, òun tì í mọ́ inú àpótí irinṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà ní ìbàdí rẹ̀. Ó ṣí i níwájú mi. Àkísà náà wà níbẹ̀, okùn tó fi dì í wà lára rẹ̀, kókó rẹ̀ kò tú. Inú rẹ̀ ṣófo.

Sámúẹ́lì ní kí n lọ jó o nínú iná kí ìjọ tó gbọ́. Mo gbà. Mo dé ìdí ààrò, mo na ọwọ́. Ìyá, ẹ̀yin náà ti fún ọmọ lọ́mú, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Wàrà dà ní ọmú òsì, bí ìgbà tí ọmọ bá ké, ó rin aṣọ mi wá sí ìdodo. Kẹ́hìndé wà lẹ́yìn mi, kò sunkún. Kò sí ọmọ kankan tó sunkún.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo gbé igi náà sí ọmú òsì, mo gbé Kẹ́hìndé sí ti ọ̀tún. Ó wo ìkejì rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbá ọmú mú. Ó mu ún títí ó fi lagùn. Mo sunkún débi pé Ìyá Àgbà ní láti di orí mi mú.

Kẹ́hìndé ti sanra báyìí. Ó ti hu eyín méjì, ó sì ti fi gé mi jẹ, aláìmoore. Sámúẹ́lì ti gbẹ́ ojú sí ère náà. Mò ń wẹ̀ ẹ́, mò ń pa á lósùn, mo sì ń fi gbọ̀ọ́rọ̀ ọ̀já dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi bí mo bá pọn èkejì. Bí ìjọ bá fẹ́ bá mi wí, kí wọ́n wá. Mò ń gbàdúrà, mò ń ka ìwé mímọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń mu ọmú, n kò sì ní tọrọ àforíjì lórí ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí gan-an ló kù. Ní Sátidé tó kọjá, Ìyá Àgbà se ẹ̀wà fún àwọn ìbejì, nítorí ẹ̀wà ni oúnjẹ wọn níbí. Ó bu epo lé e, ó wé ti Táyé sínú ewé. Ó ní kí n di etí kan mú, òun náà di èkejì mú. Mo di í mú bí mo ti ń ṣe létí òkun. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ pe Kẹ́hìndé, ojú mi ló ń wò, mo sì dáhùn. Ó wá bi mí pé mélòó ni ìyá mi bí lọ́jọ́ tó bí mi.

Ìyá mi, ẹ sọ fún mi pé ọmọ ọwọ́ ni mí nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé yín lẹ́rú kúrò nílẹ̀ yìí. Ẹ kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oríkì mi lẹ fi ń pè mí, àlùfáà ló fún mi ní Sùsánà. Orúkọ wo ni mo gbé ti ọ̀run wá? N kò bínú sí yín. Mo mọ̀ nísinsìnyí bí ọ̀rọ̀ kan ti ń kọ̀ láti gba ẹnu ìyá jáde. Bí ẹ bá lè sọ ọ́ fún Jóṣúà, kó kọ ọ́. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ fi gáùn ọmọdé ránṣẹ́, kó jẹ́ méjì, ó ti yé mi.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ẹ kò ní sunkún ọmọ mọ́, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Sámúẹ́lì dọ̀bálẹ̀, Ìyá Àgbà ní ẹ kú ọmọ o, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ kí àwọn tí a jọ ń pọnmi, ẹ kí gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá tó jókòó gbọ́ mi. Bó bá sì di Sátidé, tí ẹ dé etí òkun, ẹ bá mi kí ìkejì mi. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní kí ẹ kí i, pé mo ti délé.

Èmi ni ọmọ yín,
Sùsánà Àdùkẹ́