Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Fà Gùn Nínú Orin Ìyá

                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Pobè.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, ọdún 2024.

Augustin, ọ̀rẹ́ mi láti kọ́lẹ́ẹ̀jì,

Ṣé ara le? Edwige ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn ará Yoko tó ń bá yín ṣe oko gbágùúdá? Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a dúpẹ́. Mọ́rìnọ́lá ìyàwó mi ní kí n kí ọ, ó sì tẹjú mọ́ mi nígbà tó ń sọ ọ́.

O máa ṣe kàyéfì pé mò ń kọ lẹ́tà nígbà tí pọ́tábù wà. Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo béèrè bóyá òjò ti rọ̀ ní Sakété, tí mo sì gé e. Ẹnu mi kò gbà á. Bóyá ọwọ́ mi á gbà á.

Ọ̀rọ̀ orin ìyá rẹ ni. O mọ̀ pé èmi ni mo fi pọ́tábù gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ní ìdí ààrò gàárì wọn ní Yoko, nígbà tí o kọ́kọ́ ń sọ pé Libreville lò ń lọ. Orin tí wọ́n fi orí ara wọn rò ni. Wọ́n ní kí n má tíì jẹ́ kí o gbọ́ ọ, pé àwọn fúnra wọn ni yóò kọ ọ́ sí ọ létí bí ara wọn bá yá. Ara wọn kò yá.

Nígbà tí o wá ní kí n gbé ohùn náà sórí ìlù tuntun fún ìrántí wọn, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ìgbà tí mo ti ṣí sítúdíò kékeré yìí, orin ìgbéyàwó àti ìpolówó ọṣẹ ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn Sakété sọ pé ọwọ́ Zacharie dáa.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ìlù tí mo yàn ń dún nígbà méjìlélọ́gọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan. Ohùn ìyá ń rìn ní bíi méjìdínláàádọ́rùn-ún, kò sì dúró sójú kan: wọ́n á sáré, wọ́n á rọra, wọ́n á dákẹ́ bí èéfín bá wọ̀ wọ́n lójú. Mo mú gbogbo rẹ̀ yára, mo wá ń gé e ní gbólóhùn gbólóhùn, mo ń tì í síwá sẹ́yìn kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lè bọ́ sórí ìlù. Ibì kan ṣoṣo ló kọ̀. “Ọmọ mi, má lọ, èmi ṣì ń bẹ lẹ́yìn.” “Má” yẹn kúrú púpọ̀. Bí mo bá gbé e sórí ìlù, àlàfo á wà kí “lọ” tó dé, bí ìgbà tí èèyàn fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn tí kò bá a. Mo bá fà á. Mo fà á títí ó fi kan “lọ”, ó sì dùn.

Augustin, pè é jáde lẹ́nu. Fa “má” gùn, kí o gbọ́ ohun tó dà.

Mọ́rìnọ́lá ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìrántí. Ó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá Uriel, ìyá yẹn kò sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo ní, “Ṣé ìwọ ló ń ṣe rìmíìsì ni?”

Ó ní, “Mi ò mọ rìmíìsì. Mo mọ ìgbà tí èèyàn ń dá ọmọ rẹ̀ dúró, mo sì mọ ìgbà tó ń ní kó máa lọ. Àbí ìlù ti di yín létí ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé, mo dá “má” padà sí kúkúrú, mo gbọ́ àlàfo yẹn, mo tún fà á. N kò lè sọ pé n kò mọ̀. Mo rò pé ijó ni wọ́n máa jó, pé kò sẹ́ni tó máa fetí sí ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ ìrántí náà, wọ́n sì jó o, àti àwọn tó wọ sùtánà pàápàá. Ìwọ nìkan ni kò jó. O dìde, o nu ojú, o ní, “Ẹ gbọ́ ọ, ìyá mi ti ní kí n máa lọ, wọ́n ṣì ń bẹ lẹ́yìn mi.” Wọ́n pàtẹ́wọ́, o sì wá dì mọ́ mi. Láti orí èjìká rẹ ni mo ti rí Edwige. Òun tó ti ń bá ọ jiyàn lórí Libreville láti ọdún tó kọjá, ó kàn ká ọwọ́ mọ́ra, ó jókòó. Ta ló fẹ́ bá òkú jiyàn? O sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà kò sọ nǹkan kan mọ́, o sì rò pé ó ti gbà.

Ní Sátidé yìí lo ní o ń lọ. N kò kọ̀wé láti dá ọ dúró. Bóyá Libreville ló dáa fún ọ. Èmi tí n kò jìnnà sí Pobè rí, kí ni mo mọ̀? Mo tiẹ̀ ti bi ara mi bóyá ìlara ni, pé ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo ń lọ. Ó lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá máa lọ, lọ lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ, kì í ṣe lórí ohun tí èmi fi sí ìyá lẹ́nu. Kí o sì tún bi Edwige léèrè.

Latifou tó ń ta aṣọ ló máa mú lẹ́tà yìí wá. Káàdì pọ́tábù kékeré wà nínú rẹ̀. Ohùn ìyá nìkan ló wà lórí rẹ̀, bí mo ṣe gbà á gan-an. Kò sí ìlù níbẹ̀, àfi igbá ọwọ́ wọn tó ń ha agbada gàárì.

Bá mi bẹ Edwige. Kí àwọn ọmọ, kí ẹ̀gbọ́n Berthe ní Ita-Djèbou. Bí o bá fẹ́ bínú sí mi, mo wà nílé.

Mo tún gbọ́ ọ ní àárọ̀ yìí kí n tó dì í. Gbogbo ìgbà yìí ni mo ń pe “má” kúkúrú yẹn ní àṣìṣe, pé ìyá sáré. Wọn kò sáré. Èémí ló gé mọ́ wọn lẹ́nu. Ibẹ̀ nìkan ni igbá náà ti dákẹ́.

                                        Tìrẹ síbẹ̀, bí o bá ṣì gbà mí,
                                        Zacharie.