Ìdánwò Gbẹ-Kíá Lára Ẹmọ́ àti Lára Ọ̀gá

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
A bẹ̀rẹ̀ lónìí. Gbẹ-Kíá — omi tuntun tí iléeṣẹ́ wa fẹ́ máa dà sínú gọ́ọ̀mù bàtà kó lè tètè gbẹ. Èmi ni wọ́n ní kí n wádìí bóyá awọ ara máa kọ̀ ọ́. Mo fá irun ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹmọ́ òyìnbó wa, àwọn tí kò nírù yẹn. Ìdajì wọn, mo fi aṣọ tí mo rẹ sínú Gbẹ-Kíá lé wọn lára, mo wé e. Ìdajì yòókù, omi lásán. Èyí tí mo sọ ní Aláròyé ké bí ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ta ló ń bẹ ẹmọ́?

Ọ̀gá Kò-Séwu yọjú (inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀). Ó gbé agolo tuntun dání. Wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé KÒ SÉWU FÚN AWỌ ARA. Mo ní ṣebí òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Ó ní ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí n pẹ́ lórí rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo tú wọn wò. Ara gbogbo wọn dán. Ọ̀gá ní ó parí, ká kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ara dà bí onílé: ìgbà àkọ́kọ́ tí àlejò burúkú bá wọlé, á kàn máa wò ó ni. Ìgbà tó bá padà wá ni yóò dá a mọ̀, tí yóò fa igi yọ. A ó tún fi kàn wọ́n, a ó jẹ́ kí wọ́n sinmi, ká tó wá fi kan ibi tí kò tíì kàn rí. Ó ní ṣé ẹmọ́ náà ń gba ìsinmi ni. Òun ò tíì gba tòun láti èṣí.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Àbúrò mi wá kí mi. Ibi tí wọ́n ti ń po gọ́ọ̀mù ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ṣèlérí fún un pé tí Gbẹ-Kíá bá bẹ̀rẹ̀, òun ni olórí àwọn tí yóò máa pò ó. Ó ti ra bàtà tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọgbọ́n ìwé ba tèmi jẹ́." Mo ní kò sí lọ́wọ́ mi, ara ẹmọ́ ló wà. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 19
Àwọn apo-gọ́ọ̀mù ń kùn — wọ́n ti gbọ́ pé ẹran la fi ń dán an wò. Ọ̀gá pè wọ́n jọ. Ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú àwo Gbẹ-Kíá, ó ń rò ó bí ẹni ń fọṣọ. Nǹkan kan ò ṣe é. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ti àbúrò mi ló dún jù.

Mo ní, ọ̀gá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn o. Ó ti lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹrin
Àná ni mo fi Gbẹ-Kíá kan ibi tuntun lára gbogbo wọn. Mo tú wọn láàárọ̀ yìí. Àwọn olómi lásán mọ́ tónítóní. Àwọn tó ti mọ Gbẹ-Kíá tẹ́lẹ̀ — pupa, ó wú. Ti Aláròyé ló burú jù. Kò tilẹ̀ ké mọ́. Ìyẹn ló dùn mí.

Ọjọ́rú, 9
Ọ̀gá wò wọ́n. Ó ní kì í ṣe pupa. Mo ní kí wá ni. Ó ní ara tó yá gágá ni. Nígbà tó dọ̀sán, àṣẹ jáde: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe "pupa" ní yàrá ìwádìí mọ́. Wọ́n sì pààrọ̀ gbogbo gílóòbù wa sí pupa kí nǹkan lè bára mu. Nísinsìnyí à ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ iná tí a ò gbọdọ̀ dárúkọ àwọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 11
Ó kọ àbájáde ìwádìí fúnra rẹ̀: ẹmọ́ aláìgbọràn nìkan ni ara rẹ̀ ń wú. Ó ní kí n buwọ́ lù ú. N ò buwọ́ lù ú. Ó ní wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣí géètì fún ọkọ̀ ẹrù, pé mo jọ ẹni tó lè ṣe é.


Ọjọ́ Ajé, 14
Alága iléeṣẹ́ wá — ìyá àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kó tó wọlé, mo fa ọ̀gá sẹ́yìn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ki ọwọ́ bọ nǹkan yẹn mọ́, kó wo Aláròyé. Ó ní òun kì í ṣe ẹmọ́. Ó ki ti ọ̀tún bọ inú àwo dé ọrùn ọwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Alága ò pàtẹ́wọ́. Ó ní kí wọ́n buwọ́ lu àbájáde, kí wọ́n fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15
Ọ̀gá ò wá síbi iṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 17
Ó dé. Ọwọ́ ọ̀tún wú nínú báńdéèjì bíi búrẹ́dì. Ó ní ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló há òun lọ́wọ́. Mo rí i tó ń fi etí tábìlì họ ọ́. Mo ní kí n bá a wá ìpara. Ó ní ilẹ̀kùn kì í gba ìpara. Ló bá fi ọwọ́ òsì buwọ́ lu àbájáde. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Wọn ò sọ ti àbájáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22
Alága já wọlé láìròtẹ́lẹ̀, àbájáde lọ́wọ́. Ó pe èmi àti ọ̀gá. Ó ní ìbuwọ́lù yìí dà bí ibi tí adìẹ ti tanlẹ̀, kì í ṣe ti ọ̀gá; ta ló fi ayédèrú ránṣẹ́ sí òun? Èmi ló ń wò. Mo wo ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo àjà.

Mo mọ̀ pé ó ń rò ó bóyá kó jẹ́ kó já lé mi lórí.

Alága ní òun á pe ọlọ́pàá. Ìgbà náà ni ọ̀gá tó sọ pé òun ni, ọwọ́ òsì lòun fi kọ ọ́, nítorí ilẹ̀kùn.

"Tú u, kí n rí i," ni Alága wí.

Ó tú u. Awọ ti ń bó. Láti ìka dé ọrùn ọwọ́, pupa — mo kọ ọ́. Mo lọ gbé Aláròyé wá, mo gbé e ka orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ náà. Alága wo ẹ̀gbẹ́ ẹmọ́, ó wo ọwọ́ ọ̀gá. Ó ní, "Èwo ni aláìgbọràn nínú àwọn méjèèjì?"

Ó ní kí wọ́n pa Gbẹ-Kíá tì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26
Mo lọ sílé àbúrò mi. Ìdí iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà. Kò sí ipò olórí mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò ní kí n wọlé. Mo ṣàlàyé títí. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò: ó dán, ìka kan ò wú.

Ọwọ́ dídán yẹn náà ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú.

Mo dúró síbẹ̀. Mò ń dúpẹ́.