Bàbá Mi, Mo Rí Ewéko Náà Lórí Òkè

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Skọ́tílándì níbí. Mo kí Màmá nídìí aró wọn ní Ìtòkú, àrẹdú o. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun àti gbogbo ará ilé wa ní Ìgbẹ́ìn. Inú ìwé ìròyìn tí ẹ máa ń kà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni mo ní kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí sí, torí mo mọ̀ pé ẹ kì í fo ojú ìwé kankan níbẹ̀.

Ó ti pé ọdún méjì tí ẹ kò ti gbé fóònù mi. Ẹ rán mi wá kọ́ ìmọ̀ oògùn kí n lè gba ṣọ́ọ̀bù yín lọ́wọ́ yín, mo sì yà sídìí ewéko láìgbàṣẹ. Màmá sọ fún mi pé ẹ ní ẹ kò rán ọmọ kankan lọ já koríko lókè òkun. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n n kò dá yín lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Àwọn ewéko kan wà tí kì í tanná, tí kì í so èso. Ohun kan bí eruku tó ń jáde lára wọn ni afẹ́fẹ́ ń gbé kiri, tó ń hù níbi tó bá bà sí. Wọ́n ti wà láyé kí òdòdó kankan tó wà. Ẹbí wọn ni èyí tó máa ń ká jọ bí òkú lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó máa ń là padà bí òjò bá rọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gun òkè, kí n kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà sílẹ̀, àti bí ibẹ̀ ṣe ga tó. Bí ayé ṣe ń gbóná sí i, ńṣe ni wọ́n ń sún lọ sókè, síbi tí òtútù ṣì wà. Èyí tó bá ti dé ṣóńṣó kò ní ibi tí yóò tún lọ.

Èmi nìkan ni mo máa ń lọ. Òjò winniwinni, kùrukùru, èmi àti àgùntàn. Ọjọ́ mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò ní bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Mo máa ń pe orúkọ àdúgbò Abẹ́òkúta sókè, Aké, Ìkìjà, Ìtokò, kí etí mi ṣáà lè gbọ́ ohùn ènìyàn.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kí n lọ wo ewéko kan tí àwọn tó ṣáájú wa kọ sílẹ̀ pé ó wà lórí òkè kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a, n kò rí i. Ọ̀gá mi, obìnrin àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí n kọ ọ́ pé ó ti tán níbẹ̀. Ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọjọ́ kan sí i, ó ní kí n máa lọ, ẹsẹ̀ mi ni yóò ro mí.

Mo gun òkè náà kọjá ibi tí wọ́n kọ sílẹ̀, mo yí sí ẹ̀yìn tí oòrùn kì í dé. Mo dojú bolẹ̀, mo wo inú pàlàpálá àpáta. Ó wà níbẹ̀, kò gùn ju ìka mi lọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Mo dìde, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ẹni tí mo lè fi hàn. Omi bọ́ lójú mi. Ni mo bá pe Màmá.

Màmá dúpẹ́, láìmọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún. Wọ́n ní bàbá mi nìyí, wọ́n sì gbé fóònù fún yín. Lẹ́yìn náà, rédíò yín nìkan ni mo ń gbọ́. Mo sọ fún yín pé mo rí ewéko kan tí gbogbo wọn rò pé ó ti tán. Ẹ húkọ́. Ẹ wá béèrè pé, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ nípọn?" Kí n tó dáhùn, ẹ ti dá fóònù padà fún Màmá.

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó nípọn. Méjì ni mo wọ̀ lé ara wọn.

Kí Olúwa dá ẹ̀yin àti Màmá sí fún wa, kí ara yín le, kí ilé wa máa tòrò. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́