Ibi Tí Ṣàfíù Bá Iṣẹ́ Dé

                                        Ojúlé 9, Òpópónà Olúfẹ́mi,
                                        Sùúrùlérè, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹjọ, 1998.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bùọ̀dá Túbọ̀sún,

Ẹ kú àárò ilé, ẹ kú òtútù ìlú òyìnbó. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́? Ayọ̀kànmí ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ń gbọ́ Yorùbá, àbí ẹ ti sọ ọ́ di òyìnbó pátápátá? Màámi ní kí n kí yín o. Ara wọn ti ń mókun díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí a ti ṣe fìdáù Ṣàfíù, àmọ́ tí wọ́n bá ń bu oúnjẹ, wọ́n ṣì máa ń bu tiẹ̀.

Mo rí ímeèlì yín ní Yábàá. Ẹ ní kí ló dé tí purogíráàmù tí ẹ̀yin àti Ṣàfíù ẹ̀gbọ́n mi jọ bẹ̀rẹ̀ ò tíì jáde, pé àwọn èèyàn ń dúró lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n rí bí ẹ ṣe kọ inú rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi tọ́jú orúkọ àwọn ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ ní mò ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Bùọ̀dá, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ẹ ò sí níbí nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀.

A gbé purogíráàmù náà lọ sí kílíníìkì kékeré kan ní Múṣin kí wọ́n dán an wò. Nọ́ọ̀sì Saidat ló ń tẹ orúkọ àwọn ọmọ sí i. Ó ń lọ geere, àfi ìgbà tí ìyá ìbejì kan dé. Bí Saidat ṣe tẹ Táyé tán tó kan Kẹ́hìndé, kọ̀ǹpútà dúró gbagidi, ó sì kọ ọ́ sójú pé: “Ẹ dúró ná. Ibí yìí ò tíì parí. Mò ń bọ̀. Ṣàfíù.”

Yéè! Saidat tó wá síbi fìdáù rẹ̀! Ó fi bàtà sílẹ̀, ó di ojú títì, ó ní òun ò bá òkú ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé ìgbà tó wà láyé ló kọ ọ́ síbẹ̀, kó lè mọ ibi tó bá iṣẹ́ dé. Síbẹ̀, mo wẹ̀yìn.

Christopher, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìlúpéjú, ní kí ló le níbẹ̀, ká pa ìlà yẹn rẹ́, ká ní ó ti pé. Ó pa á rẹ́. Ó sì ṣiṣẹ́! A tẹ àwọn ìbejì náà wọlé, kò dúró mọ́. Saidat padà wá, a jọ rẹ́rìn-ín ara wa. Mo ti ń wá ẹni tí màá fi dísìkì rán sí yín.

Ibà ń ṣe Táyé lọ́jọ́ yẹn, wọn ò gún un. Nígbà tí ìyá wọn gbé e padà wá, kọ̀ǹpútà ní ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ó sì ti gba abẹ́rẹ́. Ìyá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ó ti fi Kẹ́hìndé bo Táyé mọ́lẹ̀. Saidat ti ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá náà tó yarí. Ẹ wo ohun tí à bá fọ́n ká gbogbo ayé! Ṣàfíù tí à ń sá fún, òun ló ń bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ yẹn. Mo dá ìlà rẹ̀ padà kíá.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Lánàá, ní Ojú Ẹlẹ́gbà, láàárín èrò, ẹnì kan ní “mò ń bọ̀” lẹ́yìn mi. Mo yíjú, mo sì ń wá a.

Bùọ̀dá, iṣẹ́ ti parí. Mo ti kọ ibi ìbejì yẹn. A fi ìbejì dán an wò, a fi ìbẹta dán an wò, kò ṣàṣìṣe. Ìlà Ṣàfíù nìkan ló kù, kò sì ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe mọ́. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ rò pé mò ń falẹ̀, iwájú ẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo máa na ìka, mo tún máa ká a kò. Ó ní òun ń bọ̀. Báwo ni màá ṣe sọ fún un pé kó má wulẹ̀ wá mọ́?

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti Ayọ̀kànmí. Dísìkì náà ló wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ bá mi pa ìlà Ṣàfíù rẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé iṣẹ́ náà jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ pa á rẹ́ fún mi.

                                        Èmi àbúrò yín tòótọ́,
                                        Shakirat.