Ojú-Ìwé Tí Rẹ̀mí Ṣẹ́ Létí

Mahuta, ilẹ̀ Haúsá, ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Bọ́lá mú ìwé ìtàn ìfẹ́ tí Rẹ̀mí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń kà kó tó kú wá fún mi lónìí. Haúsá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ta ló kọ́ mi ní Haúsá ní abúlé wa? Rẹ̀mí ló máa ń kà á, á sì máa sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Òun ni ìyàwó tí mo fẹ́ gbé lọ́dún yìí.

"Bọ̀dá Gbádé, mo ti bá yín kà á parí. Ìyàwó ọkùnrin inú ìwé yẹn kú, ó sì rí ẹlòmíràn fẹ́."

"Ta ló bi ẹ́?"

"Hàbá, Bọ̀dá! Kí ọkàn yín lè fúyẹ́ ni."

Ó ní ọkùnrin náà sunkún ní orí kan. Nígbà tó di orí kejì, ó ti ń ra lọ́fínńdà fún ọmọge mìíràn. Ẹni tó kọ irú èyí kò sin ẹnikẹ́ni rí.

Mo ṣí ìwé náà. Bọ́lá ti na etí ojú-ìwé tí Rẹ̀mí ṣẹ́ síbi tó kà dé.

"Ó ti kákò, mo bá yín tún un ṣe ni."

Mo lé e jáde. Ó sunkún lọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ náà ló kú, ṣùgbọ́n...

Mo fi ìka wá ojú ibi tí Rẹ̀mí ti ṣẹ́ ẹ títí mo fi rí i, mo sì tún un ṣẹ́. Èmi ò kọjá ibẹ̀. Níbi tí Rẹ̀mí sọ ọ́ fún mi dé yìí, ìyàwó ọkùnrin yẹn ṣì wà láàyè, ó ń bínú pé ọkọ òun pẹ́ lọ́jà.