Odò Tó Tàn Wá Jẹ

Etí odò tí kò lórúkọ,
Lẹ́yìn àwọn òkè ńlá,
Oṣù Kọkànlá, 1812.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Pélagie,

Mo kí yín láti ọ̀nà jíjìn réré. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ní àlàáfíà ní Saint-Charles, kí iná má sì kú ní ààrò yín ní ìgbà òtútù yìí. Kí àyà yín má baà já, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ọkọ yín, Narcisse, wà láàyè bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ṣùgbọ́n nǹkan ò rọgbọ.

Ọwọ́ ara wa la fi ṣe ara wa. Nígbà tí a gun àwọn òkè kọjá tán, tí a rí odò fífẹ̀ tó ń ṣàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, àwa atukọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ẹ mọ̀ wá: ọmọ odò ò mọ ẹṣin gùn, ìdí gbogbo wa ti bó. A rọ Ọ̀gá Wetherby, tó ń kó wa lọ wá ọ̀nà dé òkun, pé kó fi àwọn ẹṣin sílẹ̀ fún àwọn ará ibẹ̀, kí a gbẹ́ ọkọ̀. Bàbá àgbà kan níbẹ̀ tí kò gbọ́ èdè wa bu omi sọ́wọ́, ó gbé e ga, ó dà á sílẹ̀ gbàà, bí ẹni ń sọ pé omi náà ń já láti òkè, ó sì mi orí. Narcisse rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, odò tó máa pa mí, òjò rẹ̀ ò tíì rọ̀!"

A gbẹ́ ọkọ̀, a sì wọ odò lọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí adùn náà fi tán. Òkúta ga lọ́tùn-ún lósì, omi ń bú ramúramù. Narcisse ló wà níwájú ọkọ̀ àkọ́kọ́. Mo gbọ́ tó kígbe, "Ẹ yà sọ́tùn-ún! Ọ̀tún!" ọkọ̀ sì là sí méjì. Ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ̀wẹ̀ nínú àwa atukọ̀; a máa ń sọ pé ńṣe ni ìwẹ̀ ń fa ikú gùn. Narcisse rọ̀ mọ́ àpáta kan láàrin omi. A ju okùn sí i, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A tún jù ú, omi gbé e lọ. Àwọn kan ti ṣí fìlà, wọ́n ń gbàdúrà òkú. Mo so okùn mọ́ ìbàdí, mo bọ́ sódò. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo tọ̀ sára. Ọlọ́run ló jẹ́ kí ọwọ́ mi tó o. A fà á jáde, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ ti ṣẹ́.

Oúnjẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, òjò dídì sì ń bọ́. Lánàá ni Ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Basile, ẹsẹ̀ la máa fi rìn láti ibí lọ. A ò lè gbé e. Tá a bá dúró, gbogbo wa la máa kú." Kò parọ́. Síbẹ̀, mo kórìíra rẹ̀.

Ẹ mọ àṣà wa: ibi tí atukọ̀ bá kú sí, a ó gbẹ́ àgbélébùú, a ó rì í mọ́ etí odò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa gbẹ́ ti Narcisse sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè, wọ́n gbé àgbélébùú náà pamọ́ sẹ́yìn àgọ́ kó má baà rí i. Wọ́n fi ẹran gbígbẹ díẹ̀ tì í, wọ́n sunkún, wọ́n sì lọ láàárọ̀ yìí. Hilaire, ọ̀kan nínú àwa atukọ̀, nìkan ló kù, tí Ọ̀gá ń rán padà sílé. Òun ló ń dúró gba lẹ́tà yìí.

Èmi ò lọ. Gbogbo igi tó wà nítòsí ló ti rin gbindin. Mo la àgbélébùú yẹn wẹ́wẹ́, mo fi dáná, mo se omi ẹran, mo sì fi ṣíbí bọ́ ọkọ yín. Ó mu ún tán. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ẹ má sọ fún àlùfáà.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín. Kó má jẹ́ kí ẹ sunkún ọkọ, kó má sì jẹ́ kí ẹ sunkún àbúrò.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Basile.

Àfikún: Narcisse ti rí i pé mò ń kọ̀wé. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti lé mi títí: "Máa lọ, olórí kunkun, kí ẹnì kan tiẹ̀ délé!" mo sì kọ̀. Ó ní kí ẹ ṣáà mọ̀ pé òun lé mi o, kí ẹ má baà bá òun jà nítorí àbúrò yín.